Àwọn Tírélà Ọ̀nà Molenweg

Omi kán sí Wieneke lójú bó ṣe fẹ́ ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀lù náà sì gba ibòmíràn lọ. Kó tó nu ojú tán, rẹfirí ti fọn fèrè. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀, ó gbójú sókè wo òrùlé, ó sì mi orí.

"Ó tán o," ló wí. "Ilẹ̀ yìí ti ń yọ̀. Mi ò fẹ́ kí ọmọ ọlọ́mọ kán lẹ́sẹ̀ lójú mi. Kálukú máa lọ sílé."

Ariwo sọ nínú gbọ̀ngàn eré Wolderbeek. Bọ́kẹ́ẹ̀tì wà káàkiri orí ìlà pápá, omi ń kán sínú wọn láti òrùlé, òjò oṣù kọkànlá sì ń rọ̀ lóde bí ẹni tí kò ní ibòmíràn tí yóò lọ. Àwọn ọmọ ìlú kejì tí wọ́n wá bá wọn díje ń kó bàtà wọn sínú àpò, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Nígbà mìíràn, ẹ pè wá wá lúwẹ̀ẹ́," ni ọ̀kan nínú wọn wí. "Ẹ ṣáà má pè é ní bọ́ọ̀lù."

Wieneke fi ẹsẹ̀ gbá bọ́kẹ́ẹ̀tì tó wà nítòsí rẹ̀, omi inú rẹ̀ sì tú dànù. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, òun sì ni balógun ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ ìlú wọn, tọkùnrin tobìnrin. Ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ. Láti ìgbà tó ti wà ní kékeré ni àwọn àgbà ìlú ti ń ṣèlérí pé àwọn máa tún òrùlé yìí ṣe. Ìlérí ń gorí ìlérí, omi ń jò.

Inú ìbínú yẹn ni Ọ̀gbẹ́ni Lievaart ti bá wọn. Kò sẹ́ni tó rí i nígbà tó wọlé. Òun ni aṣojú ilé iṣẹ́ kan tó ń kọ́ ilé ìkẹ́rùsí káàkiri agbègbè náà. Ó gbé kòkó gbígbóná wá fún gbogbo wọn, ó sì kó jákẹ́ẹ̀tì tuntun wá, aláwọ̀ búlúù, tí orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀.

"Ojú ń tì mí fún àwọn àgbà ìlú yìí," ló wí. "Ibi tí wọ́n ní kẹ́ ẹ ti máa ṣeré nìyí?"

"Ẹ bá wa bi wọ́n léèrè," ni Wieneke dáhùn.

"Ẹ gbọ́ ná. Ilẹ̀ oko tó wà láàárín ìlú àti òpópónà ńlá, ibẹ̀ la fẹ́ kọ́ ilé ìkẹ́rùsí sí. Kí ìgbìmọ̀ ìlú ṣáà yí i padà kúrò ní ilẹ̀ oko sí ilẹ̀ òwò. Tí wọ́n bá ti fọwọ́ sí i, a ó kọ́ gbọ̀ngàn eré tuntun fún yín."

"Kí ló wá ń dá wọn dúró?"

Lievaart rẹ́rìn-ín músẹ́. "Àwọn arúgbó kan ni. Wọ́n ti jẹ ayé tiwọn tán, wọn ò fẹ́ kí ẹ̀yin jẹ tiyín."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Wieneke lára. Ó ti ń wá ẹni tí yóò bínú sí tipẹ́, ẹnìkan sì ti fi ẹni náà hàn án báyìí.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, Lievaart pè é sí ilé kọfí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ní àwọn ará ìlú lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ̀rọ̀ níwájú ìgbìmọ̀ kí wọ́n tó dìbò, kò sì sí ẹni tí wọ́n á gbọ́ tirẹ̀ bí ọmọdé tí ẹnu rẹ̀ dùn. Ó kọ́ ọ ní ohun tí yóò sọ. Ó kọ́ ọ ní ibi tí yóò ti dúró díẹ̀ kí àwọn èèyàn lè pàtẹ́wọ́. Nígbà tí Wieneke délé, Aleida ìyá rẹ̀ gbọ́ tó ń fi ọ̀rọ̀ náà dánra wò nínú yàrá.

"Ta ló kọ ọ́ fún ẹ?"

"Èmi ni, Mọ̀mí."

Ìyá rẹ̀ mi orí. "Kò jọ ohùn rẹ," ló wí, ó sì padà sídìí ọbẹ̀ rẹ̀.

Ẹni tí kò gba irú èsì bẹ́ẹ̀ ni Reint Wolbrink. Inú ẹgbẹ́ kan náà ni wọ́n wà, ojoojúmọ́ ni wọ́n sì jọ ń gun kẹ̀kẹ́ lọ sílé ìwé gba ọ̀nà Molenweg. Ọ̀dọ̀ Dieke, ìyá bàbá rẹ̀, ni Reint ń gbé, nínú ilé kan tó wà lẹ́bàá odò kékeré, nísàlẹ̀ oko tí wọ́n ń jà lé lórí.

"Wọ́n ní ìwọ lo máa sọ̀rọ̀," ni Reint wí, bí wọ́n ṣe ń wa kẹ̀kẹ́ lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn.

"Èmi ni. Ṣé o fẹ́ bá mi gbé máìkì ni?"

"Mo fẹ́ kó o ronú ni. Ibo lo rò pé àwọn tírélà yẹn máa gbà? Orí ọ̀nà tá a wà yìí náà ni."

"Wọ́n máa la ọ̀nà tuntun láti òpópónà. Ọ̀gbẹ́ni Lievaart ló sọ bẹ́ẹ̀."

"Ó sọ ọ́, ó sọ ọ́! Omi ńkọ́? Òjò ayé ìsinsìnyí kì í rọ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Tó bá dé, á fẹ́ gbé gbogbo ìlú lọ. Oko yẹn ló ń fa omi náà mu. Tí wọ́n bá da kọnkéré bò ó, ilé ìyá mi àgbà ni omi máa wá bẹ̀ wò."

"Ìyá àgbà, ìyá àgbà!" Wieneke sín in jẹ. "Ṣé wọ́n ṣì ń bá ẹ de okùn bàtà ni? Gbogbo wa la máa ṣeré nínú gbọ̀ngàn tuntun, ìwọ náà máa ṣeré níbẹ̀. Lọ sọ fún wọn kí wọ́n ra bàtà òjò."

Reint tẹ bíréèkì. Wieneke ò dúró. Kò bojú wẹ̀yìn títí ó fi dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé.

Gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ kún lọ́jọ́ náà. Ẹgbẹ́ alápẹ̀rẹ̀ jókòó ní ìlà kan nínú jákẹ́ẹ̀tì búlúù. Reint nìkan ni kò wọ tirẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ìyá rẹ̀ àgbà ló jókòó sí. Dieke Wolbrink ni wọ́n kọ́kọ́ pè. Ó dìde tòun ti ọ̀pá, ó sì di máìkì mú bí ẹni pé ó fẹ́ fún un lọ́rùn.

"Mo wo gbogbo yín tẹ́ ẹ jókòó yìí," ló wí, "kò sí ẹyọ ẹnìkan nínú yín tí ilé rẹ̀ wà létí odò. Ẹ ò gbé ojú ọ̀nà Molenweg. Ọmọ yín ò ní bá tírélà jà láàárọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Geerling, ẹ gbé fóònù yẹn sílẹ̀, ẹ̀yin ni mò ń bá sọ̀rọ̀!"

Geerling, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ìgbìmọ̀, gbé fóònù sílẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín.

"Ilẹ̀ tẹ́ ẹ bá ti fi kọnkéré pa, ẹ ò lè jí i mọ́. Ìgbà tí omi bá..."

Agogo dún. Àkókò rẹ̀ ti pé, wọ́n sì pa máìkì náà. Màmá arúgbó ṣì ń sọ̀rọ̀, ẹnu rẹ̀ ń lọ, kò sẹ́ni tó gbọ́ ohun tó ń sọ.

Wọ́n wá pe Wieneke. Ó dìde, ó sì rẹ́rìn-ín sí gbogbo ilé bí wọ́n ṣe kọ́ ọ.

"Mo kí Màmá Wolbrink o. Tó bá jẹ́ tiwọn ni, gbogbo ìlú yìí ni wọn ìbá kó sínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé, kí àwọn àlejò máa wá wò wá láti ẹ̀yìn gíláàsì." Ó dúró díẹ̀. Ẹ̀rín sọ. "Ṣé omi ni wọ́n ń bẹ̀rù? Kí wọ́n wá sí gbọ̀ngàn eré wa, omi ò wọ́n wa níbẹ̀!"

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Wọ́n pàtẹ́wọ́, àwọn kan tiẹ̀ dìde. Wieneke sọ̀rọ̀ nípa iṣẹ́ tí yóò pọ̀, ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn ọ̀dọ́ tó ń sá kúrò nílùú, gbogbo rẹ̀ sì ń dùn lẹ́nu rẹ̀ bí orin. Nígbà tí wọ́n fẹ́ dìbò, Geerling gbé máìkì.

"Mo ti ń ṣiyèméjì tẹ́lẹ̀," ló wí, "ṣùgbọ́n ọmọbìnrin yìí ti là mí lójú. Mi ò lè dúró lójú ọ̀nà àwọn ọ̀dọ́ wa."

Ìbò kan ṣoṣo ni àwọn tó fọwọ́ sí ilé ìkẹ́rùsí náà fi borí.

Ariwo ayọ̀ ṣì ń lọ lọ́wọ́ nígbà tí Reint wá síbi tí Wieneke jókòó. Ó kó aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ lé e lẹ́sẹ̀, ó sì yíjú padà. Dieke ń dúró dè é lẹ́nu ọ̀nà. Arúgbó náà wo Wieneke láti òkèèrè, kò sì bú u. Ì bá sàn fún Wieneke ká ní ó bú u.

Kò tíì di ìgbà ẹ̀rùn ọdún tó tẹ̀lé e tí ilé ìkẹ́rùsí náà fi dìde, aláwọ̀ eérú, tí kò ní fèrèsé. Ó gùn débi pé èèyàn á rìn títí kó tó yí i ká. Lọ́jọ́ tí oòrùn bá mú, ooru á máa gbéra lórí kọnkéré rẹ̀ bí èéfín ìkòkò, afẹ́fẹ́ tútù tó máa ń ti orí oko wá nírọ̀lẹ́ ò sì wá mọ́. Àwọn tírélà dé. Ọ̀nà tuntun ò dé. Molenweg ni wọ́n ń gbà, wọ́n tò láti àárọ̀, sún kẹrẹ fà kẹrẹ, èéfín dísù ń wọlé olúkálukú, àwọn ọmọ ilé ìwé sì ń fi kẹ̀kẹ́ gba etí kòtò.

Ẹgbẹ́ alápẹ̀rẹ̀ ṣì ń to bọ́kẹ́ẹ̀tì. Wieneke pe Lievaart lórí fóònù.

"Gbọ̀ngàn wa ńkọ́, ọ̀gá?"

"Ó ń bọ̀, ó ń bọ̀. Ipele kejì ló wà."

"Ọ̀nà tuntun ńkọ́?"

"Ipele kejì náà ni."

"Ẹ ò mẹ́nu ba ipele kankan fún mi."

"Ìwọ náà ò béèrè, ọmọ dáadáa," ló wí, ó sì rẹ́rìn-ín.

Nínú oṣù kẹsàn-án, òjò kan rọ̀ ní ọ̀sán gangan. Omi ya láti orí òrùlé ńlá yẹn àti orí kọnkéré, ó rọ́ wọ odò kékeré, odò náà sì gba ẹnu ọ̀nà Dieke wọlé. Àwọn ará ìlú sáré lọ kó ẹrù rẹ̀. Wieneke wọ bàtà rọ́bà, òun náà lọ. Inú ilé, omi ti bo orúnkún, búrẹ́dì àti ìwé léfòó lórí rẹ̀. Ó di àga kan mú láti gbé e jáde.

"Má fọwọ́ kan án," ni Dieke wí. Orí àtẹ̀gùn ló jókòó sí, aṣọ rẹ̀ rin gbingbin. "Ọkọ mi ló fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe àga yẹn. O ní mo fẹ́ràn nǹkan àtijọ́, àbí bẹ́ẹ̀ kọ́? Fi nǹkan àtijọ́ mi sílẹ̀ fún mi."

Ojú ti Wieneke gidigidi. Ó jáde, ó lọ ń rọ iyanrìn sínú àpò pẹ̀lú àwọn tó wà níta títí ilẹ̀ fi ṣú. Nígbà tó délé, ó sọ jákẹ́ẹ̀tì búlúù rẹ̀ nù. Ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni. Ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé kì í ṣe òun ló dìbò.

Òun àti Reint ò bára wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Láàárọ̀ ọjọ́ kan tí kùrukùrù bo ilẹ̀, Reint wà níwájú lórí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, Wieneke ń bọ̀ lẹ́yìn. Tírélà kan kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Wieneke, ó dé ẹ̀gbẹ́ Reint, ó sì yà sọ́tùn-ún láti wọ ọgbà ilé ìkẹ́rùsí. Wieneke rí i pé awakọ̀ rẹ̀ kò rí Reint.

"Reint!" ló fi gbogbo ohùn rẹ̀ kígbe. "Reint!"

Kẹ̀kẹ́ náà wọ abẹ́ ọkọ̀. Ariwo irin tó run ni Wieneke gbọ́, lẹ́yìn náà igbe ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó sọ kẹ̀kẹ́ tirẹ̀ sílẹ̀, ó sáré lọ, ó fi ìkúùkù lu ẹ̀gbẹ́ tírélà náà, ó ń lù ú títí awakọ̀ fi dá a dúró. Ọkùnrin náà bọ́ sílẹ̀, ojú rẹ̀ ti funfun.

"Mi ò rí i," ló ń wí, "mo fi Ọlọ́run búra, mi ò rí i." Ó jókòó sórí ilẹ̀ títì, ó sì bú sẹ́kún.

Wieneke kúnlẹ̀ ti Reint, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn lè wò. Reint kò sọ pé mo ti wí fún ẹ. Ohun tó ń béèrè ni bóyá ẹsẹ̀ òun ṣì wà níbẹ̀.

Ẹsẹ̀ náà ṣì wà. Lẹ́yìn ọ̀pọ̀ iṣẹ́ abẹ, dókítà ní yóò rìn, ṣùgbọ́n kò ní sáré mọ́, kò sì ní fò sókè lábẹ́ apẹ̀rẹ̀ kankan mọ́ láyé. Ilé iṣẹ́ náà gbé òdòdó wá sí ọsibítù. Geerling sọ fún àwọn oníròyìn pé ó ká òun lára, ṣùgbọ́n gbogbo nǹkan ló bá òfin mu.

Gbólóhùn yẹn ló bí Wieneke nínú. Ó ka ìròyìn náà lórí fóònù, ó sì tún un kà. Ìbínú rẹ̀ kọjá Geerling nìkan. Ara rẹ̀ náà ló ń bínú sí.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni Lievaart pè é.

"Wieneke, ìgbìmọ̀ fẹ́ jókòó lórí ipele kejì. Ilé ìkẹ́rùsí mìíràn ni, lórí oko tó kù. Gbọ̀ngàn yín wà nínú rẹ̀, ọ̀nà tuntun wà nínú rẹ̀. Ìwọ la fẹ́ kó sọ̀rọ̀. Tó o bá sì jáde ilé ìwé, iṣẹ́ ti wà fún ẹ lọ́fíìsì wa."

"Màá sọ̀rọ̀," ni Wieneke dáhùn.

"Mo mọ̀ pé ọmọ gidi ni ẹ́."

Ó gbé fóònù sílẹ̀, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún ìyá rẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé kọfí àti irọ́ tó pa. Aleida gbọ́ ọ tán.

"Mo mọ̀ pé irọ́ ni nígbà yẹn," ló wí. "Èmi náà panu mọ́. Ó yẹ kí n ti bá ẹ jà."

Lọ́jọ́ kejì, Wieneke lọ kan ilẹ̀kùn Dieke. Ara ògiri ṣì ń rùn fún omi. Arúgbó náà ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mà. Mo wá tọrọ àforíjì."

"Èmi ò tíì dárí ji ẹnikẹ́ni," ni Dieke wí. "Inú ń bí mi. Láàárọ̀ inú ń bí mi, lálẹ́ inú ń bí mi. Ọmọ ọmọ mi ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń rìn bí ọmọ ọwọ́."

"Ẹ máa bínú, mà. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ jẹ́ kí n jókòó tì yín níwájú ìgbìmọ̀ ni."

Dieke di ilẹ̀kùn mú. "Jókòó síbi tó bá wù ẹ́. Àga ìlú ni."

Gbọ̀ngàn ìgbìmọ̀ kún ju ti ìṣáájú lọ. Wieneke rìn kọjá àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti fi àyè sílẹ̀ dè é, ó lọ jókòó ti Dieke. Lievaart rẹ́rìn-ín sí i láti ẹ̀yìn, ẹ̀rín náà sì rọ díẹ̀díẹ̀. Wọ́n pè é.

"Lọ́dún tó kọjá, mo dúró níbí, mo fi Màmá Wolbrink ṣẹ̀sín," ló wí. "Ẹ rẹ́rìn-ín. Mo fẹ́ kẹ́ ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn kì í ṣe tèmi. Ọ̀gbẹ́ni Lievaart ló kọ́ mi, ní ilé kọfí, títí kan ibi tí mo ti dúró kẹ́ ẹ lè pàtẹ́wọ́."

Ariwo sọ. Geerling na ìka. "Ọmọbìnrin, nígbà wo la fẹ́ gbà ẹ́ gbọ́? Lọ́dún tó kọjá, ò ń fẹ́ ìdàgbàsókè. Lọ́dún yìí, o ò fẹ́ mọ́. Ṣé bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń fẹ́ ni ìlú á máa yí?"

"Ẹ má gbà mí gbọ́!" ni Wieneke ké. "Ta ló ní kẹ́ ẹ gbà mí gbọ́ nígbà yẹn? Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí lọ́jọ́ náà! Ẹ̀yin lẹ ní òye ilẹ̀, ẹ̀yin lẹ ní àwọn amòye tó ń gbà yín nímọ̀ràn. Ẹ mọ̀ pé ojú ọ̀nà Molenweg ò gba tírélà. Ẹ mọ ibi tí omi máa gbà. Ẹ kàn ń wá ẹni tẹ́ ẹ máa fara pamọ́ sẹ́yìn rẹ̀ ni, ẹ sì rí ọmọdé kan tí inú ń bí, ẹ fi ṣe ìbòjú. Ẹ ní mo là yín lójú. Ojú yín ti là tipẹ́! Ẹ lọ sí ọsibítù, kẹ́ ẹ lọ sọ fún Reint pé ó bá òfin mu. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ bẹ́ ẹ bá ń sọ ọ́!"

Agogo dún. Wọ́n pa máìkì náà. Ṣùgbọ́n lọ́tẹ̀ yìí gbogbo gbọ̀ngàn dákẹ́ rọ́rọ́, wọ́n sì gbọ́ ohùn rẹ̀ láìsí máìkì.

"Àwọn arúgbó kọ́ ni ò jẹ́ ká jẹ ayé tiwa. Ẹ̀yin lẹ tà á, ẹ sì fi ẹnu wa tà á."

Ó jókòó. Ọwọ́ Dieke wà lórí ọ̀pá rẹ̀, kò gbé e kúrò. "O sọ̀rọ̀," ni arúgbó náà wí jẹ́jẹ́.

Ìgbìmọ̀ kọ ipele kejì. Geerling náà dìbò tako ó, nítorí àwọn oníròyìn ń wò ó. Wọ́n pàṣẹ pé tírélà kankan ò gbọdọ̀ gba Molenweg lákòókò tí àwọn ọmọ ilé ìwé bá ń lọ tàbí tí wọ́n ń bọ̀, kí ilé iṣẹ́ náà sì gbẹ́ adágún tí yóò máa gba omi òrùlé rẹ̀. Ilé ìkẹ́rùsí àkọ́kọ́ ò lọ síbi kankan. Ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ ti kú.

Ẹgbẹ́ alápẹ̀rẹ̀ gba ipò balógun lọ́wọ́ Wieneke. "O ta wá," ni wọ́n sọ fún un lójúkojú, àwọn kan nínú wọn ò sì kí i mọ́ títí ó fi jáde ilé ìwé. Ó gbà á bẹ́ẹ̀.

Reint wo fídíò ìpàdé náà lórí ibùsùn ọsibítù. Nígbà tí Wieneke dé, ó na fóònù sí i.

"O sọ ọ́ dáadáa."

"Ó pẹ́ jù."

"Ó pẹ́ jù," ni Reint wí, kò sì ṣe é ní àwàdà. "Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ kéékèèké yẹn á máa kọjá láàárọ̀ láìsí tírélà. Bá mi gbé ọ̀pá ìtilẹ̀ méjèèjì yẹn wá. Wọ́n ní kí n rìn dé ẹnu ọ̀nà lónìí."

Wieneke gbé wọn wá, ó sì rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ń rọra gbé ẹsẹ̀ kó má baà yára jù ú lọ.

Ohun tó kọ́ kò ṣòro láti sọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tó ná an pọ̀. Inú tó ń bí i nípa òrùlé tó ń jò kò burú, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Àṣìṣe rẹ̀ ni pé ó jẹ́ kí ẹlòmíràn júwe ẹni tí yóò bínú sí fún un. Ọ̀dọ́ tí inú bá ń bí, kó kọ́kọ́ wádìí ẹni tó fẹ́ jèrè nínú ìbínú rẹ̀, kó sì fi etí sí ẹni tí wọ́n ní kó fi ṣẹ̀sín, torí ó lè jẹ́ ẹni yẹn gan-an ló ń sọ òótọ́.